Àwa Tí A Ń Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì Kóńbì

Ẹ gbé fóònù yẹn wá kí n tún un wò. Ẹ ní sùúrù, ojú àgbà kì í tètè mú nǹkan. Hẹn-ẹn. Kóńbì ni lóòótọ́. Kóńbì àtijọ́ tí òyìnbó kùn ní ọ̀dà funfun àti búlúù, tó ń dán bí abọ́ tánńganran. Ó wá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ńlá tí kì í ṣe tirẹ̀ ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Ẹ gbé e wá fún mi nítorí ẹ rò pé n kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jókòó. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Àbújá yìí, ẹ ń gbọ́ Yorùbá ju bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ lọ; èyí tí ẹ ń gbọ́ náà ni n ó fi bá yín sọ̀rọ̀. Ohun tí òyìnbó yẹn ń ṣe nínú gáréèjì oníná yìí, abẹ́ igi dóńgóyárò lọ́nà Kabusa ni èmi àti Gàní ti ṣe é, pẹ̀lú sípánà tí kò pé àti ẹ̀wọ̀n irin kan tí ó ti ń jẹrà.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà mi ni mo fẹ́ tú fún yín.

Ẹ mọ àwọn ilé alájà mẹ́ta tó wà níbẹ̀ báyìí, tí ẹ̀ṣọ́ ń bi ènìyàn ní orúkọ bàbá rẹ̀ kó tó jẹ́ kó wọlé? Igi dóńgóyárò mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Abẹ́ ẹ̀kejì ni ṣọ́ọ̀bù wa. N kò gbọdọ̀ pè é ní ṣọ́ọ̀bù pàápàá, kò ní ògiri. Òpó igi mẹ́ta tí a so pọ̀ lókè ni a fi ń so ẹ́ńjìnnì rọ̀, òjò ń pa wá níbẹ̀, oòrùn ń pa wá. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó ń dán nítorí epo tó ti mu. Nígbà tí wọ́n wá fi katakata hú u kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́lé, mo lọ dúró wò wọ́n. Ìpele dúdú náà nípọn tó ìka mi yìí. Mo ní, ẹ wo ọjọ́ orí mi ní ilẹ̀. Ẹni tó wà lórí katakata náà ní kí n sún sẹ́yìn.

Gàníyù lorúkọ Gàní. Ọmọ Ìlọrin ni, wẹ́dà ni, èmi sì jẹ́ mẹkáníìkì láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan náà ló gbé wa wá sí ìlú yìí nígbà tí wọ́n ṣì ń fọ́ àpáta rẹ̀ láti fi la ọ̀nà. Orí àpò sìmẹ́ǹtì ni àwa méjèèjì jókòó sí, a kò mọ ara wa rí. Nígbà tí a fi máa sọ̀ kalẹ̀, ojú wa ti funfun bákan náà, ẹni tó rí wa ní ìbejì ni wá. Ọkùnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá ń jó irin pọ̀, á máa kùn nínú ọ̀fun bí oyin tó wà nínú ihò igi. Ìgbà tí kíkùn náà bá dáwọ́ dúró ni èmi máa ń gbójú sókè, torí mo ti mọ̀ pé ohun kan kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí a fi ń yọ ẹ́ńjìnnì tí Ọlọ́run àti òyìnbó fi sínú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe mọ́ kóńbì kò burú. Ẹ̀yìn ló ń gbé, kì í mu omi, atẹ́gùn ló fi ń tura, ó sì ń dún pà-pà-pà bí ẹni ń gún nǹkan gbígbẹ nínú odó. Ilẹ̀ tó tẹ́jú àti èrò mẹ́jọ ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn awakọ̀ tiwa ń di iṣu Abaji mọ́ ọn títí dé òrùlé, wọ́n á tún gbé ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta sí iwájú. Bí wọ́n bá dé ẹsẹ̀ òkè, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, èrò á sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn á fi èjìká tì í.

Yàkúbù ló kọ́kọ́ wá bá wa. Ọmọ Abaji ni, kúkúrú, onífìlà, ẹlẹ́rìn-ín ẹnu. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró síwájú wa, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Sànnu, Baba. Wallahi, ọkọ̀ mi ti sú mi. Òkè ń bú mi lójú èrò."

Mo ní, "Kí lo fẹ́ kí a ṣe sí i?"

"Ẹ bá mi wá ọkàn mìíràn sí i."

Gàní dá kíkùn dúró. Ó wo kóńbì náà láti ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ wa, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ńlá kan wà tí ó ti ní ìjàǹbá, iwájú rẹ̀ ti run, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà mẹ́fà inú rẹ̀ kò ní àbùkù. Gàní wò ó, ó wo kóńbì, ó wò mí. A kò tíì sọ̀rọ̀ tí mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ ti dé.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Kò sí ìwé tí a kà. A ó gbé páálí lé ojú ẹ́ńjìnnì, a ó fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́ yíká, ihò bóòtù kọ̀ọ̀kan á sì tẹ àmì sára páálí náà. A ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ojú gíábọ́ọ̀sì tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà. Páálí méjèèjì yìí ni Gàní á gbé lé irin pẹlẹbẹ tó nípọn, á fi ẹfun yà á, á gé e, á sì lu ihò sí i. Irin pẹlẹbẹ yẹn ni alárinà: ó gba ẹ́ńjìnnì mú ní apá kan, ó gba gíábọ́ọ̀sì mú ní èkejì, bí ìyàwó àti ọkọ tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn tí ẹnì kan ń ṣe ògbufọ̀ fún. Bí ihò kan bá yẹ̀ ní ìwọ̀n irun orí, gbogbo rẹ̀ á máa gbọ̀n. Nítorí náà, bí a bá parí, a ó ṣíná sí i, a ó gbé ife omi lé e lórí. Bí omi náà bá dúró jẹ́ẹ́, a ó jẹun. Bí ó bá ń mì, a ó tún un tú.

Ẹ́ńjìnnì ńlá ń mu omi, nítorí náà rédíétọ̀ tó ń mú omi náà tutù gbọ́dọ̀ wà níwájú, ẹ́ńjìnnì sì wà lẹ́yìn. A ó na páìpù gígùn méjì gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Ìyá àgbà kan tó ń lọ sí Kuje bọ́ bàtà rẹ̀ nínú ọ̀kan lára àwọn kóńbì wa, ó ní ilẹ̀ ọkọ̀ yìí lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó mú oorun wá. N kò sọ fún un pé omi gbígbóná ló ń kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tí ẹ ó fi rẹ́rìn-ín kí n tó dé ibi tí kò sí ẹ̀rín. Ẹnì kan sọ fún wa pé ẹ́ńjìnnì kan tí a rà ń yí sí òdì, pé bí a bá kàn so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn ni ọkọ̀ á máa rìn. Àwa náà gbọ́n. A tú gíábọ́ọ̀sì, a gbé irin eléyín ńlá inú rẹ̀ láti apá ọ̀tún sí apá òsì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ṣe é. Àṣé irọ́ ni wọ́n pa fún wa, ibi tó yẹ ni ẹ́ńjìnnì náà ń yí sí. Ọjọ́ tí a fẹ́ dán an wò, gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé jọ. Mo jókòó, mo fi sí jíà kìíní, ọkọ̀ fò sẹ́yìn. Mo fi sí ìkejì, ó tún yára lọ sẹ́yìn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo da bàsíà omi fọkaníísà nù, adìyẹ fò sórí igi. Jíà mẹ́rin ló ní fún ẹ̀yìn, ọ̀kan ṣoṣo fún iwájú! Gàní tí kì í rẹ́rìn-ín jókòó sílẹ̀, ó di ikùn mú.

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́," ó ní, "ó kù kí a wá ẹni tó fẹ́ padà síbi tó ti ń bọ̀ ni."

Ó máa ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn ará ilé tí mo ń gbé ní Kabusa, "Sànnu, Baba" ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á sì kọjá.

Nígbà náà, n kò nílò ojú láti mọ ẹni tó ń bọ̀. Mo lè wà lábẹ́ ọkọ̀, kí n gbọ́ kóńbì kan ní ọ̀nà Kuje, kí n sọ pé, "Yàkúbù ti ń bọ̀, ó sì ru ẹrù púpọ̀." Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ohùn tirẹ̀. Èyí ń hó bí ìkòkò, èyí ń hanrun bí arúgbó tó ń sùn, ti Yàkúbù ń bú jẹ́jẹ́ bí ẹkùn tó yó. Lónìí, ọkọ̀ yín ń kọjá bí òjìji. Bí ó bá ṣàìsàn, ẹ ó ki okùn bọ̀ ọ́ lára, kọ̀ǹpútà á sọ ohun tó ń ṣe é. N kò sọ pé kò dára. Ó dára. Àmọ́ àwa, igi gígùn la máa ń gbé lé ara ẹ́ńjìnnì, a ó fi etí sí orí rẹ̀ kejì, a ó gbọ́ ọ bí dókítà ti ń gbọ́ àyà ọmọ.

A ní àjọ̀dún tiwa pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kejì Iléyá, kí oòrùn tó mú, àwọn oní-kóńbì á péjọ sí ẹsẹ̀ òkè kan lọ́nà Kuje. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀, Gbàgí, Hausa, Yorùbá, kò sí ẹni tó bèèrè. A ó di iye iṣu kan náà mọ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin mẹ́rin á gun ẹ̀yìn rẹ̀, a ó wá wo èyí tí yóò kọ́kọ́ dé téńté. Àwọn obìnrin á gbé kunu àti ẹran Iléyá wá. Itan àgbò ni ẹni tó bá gbégbá orókè máa ń gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí itan àgbò ni ẹnikẹ́ni ṣe ń wá. Nítorí kí wọ́n lè bèèrè pé, "Ta ló ṣe ọkọ̀ yẹn?" ni.

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń bèèrè, tí ìdáhùn sì jẹ́ èmi àti Gàní. Ìgbéraga wọ̀ mí lẹ́wù. Ní ọdún keje, mẹkáníìkì mìíràn láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà ń fọ́nnu pé òun ti rí ẹ́ńjìnnì tó ju tiwa lọ. Èmi náà wá ẹ́ńjìnnì kan fún Yàkúbù, oní-sílíńdà mẹ́jọ, tí ọkùnrin mẹ́rin kò lè gbé. A gé ẹ̀yìn kóńbì kí ó tó lè wọlé. Nígbà tí a ṣíná sí i, ewé dóńgóyárò ń jábọ́ lé wa lórí.

Ó ku ọjọ́ kan kí àjọ̀dún wa pé. Gàní dá kíkùn rẹ̀ dúró.

Ó ní, "Bíréèkì ńkọ́?"

Mo ní, "Bíréèkì wo?"

"Bíréèkì àtijọ́ ló ṣì wà lára rẹ̀. Ẹṣin lo ti dè mọ́ okùn ewúrẹ́. Mo ti rí bíréèkì ọkọ̀ akẹ́rù kan tó lè bá a mu. Fún mi ní ọjọ́ méjì, kí n ṣe ìdè rẹ̀."

"Ọ̀la ni, Gàní. Ọ̀la! Òkè ló fẹ́ gùn, kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀."

Ó wò mí. "Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tó bá gòkè á sọ̀."

Mo bínú. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Mo sọ fún un, lójú àwọn ènìyàn, pé wẹ́dà ni, pé kí ó jó irin rẹ̀ kí ó jẹ́ kí mẹkáníìkì ṣe mẹkáníìkì. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a fi jọ ṣiṣẹ́, n kò sọ irú rẹ̀ sí i rí. Ó mú aṣọ tó fi ń nu ọwọ́, ó nu ọwọ́ rẹ̀ ìka kọ̀ọ̀kan, ó lọ sílé.

Ní ọjọ́ kejì, mo rò pé kò ní í wá. Ó wá. Ẹnì kan nínú àwọn mẹ́rin tó yẹ kí ó gun ẹ̀yìn kóńbì Yàkúbù kò yọjú, Gàní sì gùn ún dípò rẹ̀. Ó jókòó sórí iṣu lápá ọ̀tún, ó fi ọwọ́ kan gbá etí ọkọ̀ mú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kò tíì rí kóńbì tó ń sáré gun òkè rí. Ó fò lọ. Ìdajì òkè ni àwọn yòókù wà tí Yàkúbù ti dé téńté. Àwọn obìnrin ké, àwọn ọkùnrin ju fìlà sókè. Wọ́n gbé mi lé èjìká. Láti orí èjìká yẹn ni mo ti rí Yàkúbù tó yí ọkọ̀ padà, tó ń bọ̀ wá bá wa nísàlẹ̀ pẹ̀lú iṣu àti ọkùnrin mẹ́rin. Mo rí i tó ń yára ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rí ojú rẹ̀. Ó ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, kò sí ohun tó di ọkọ̀ náà mú.

Àwa èrò kún ojú ọ̀nà. Yàkúbù lè gba àárín wa kọjá, kí òun má farapa. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó já ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, sínú oko ọkà bàbà, ọkọ̀ náà gun ebè kan, ó yí.

Kò sí ẹni tó kú. Ẹ bá mi dúpẹ́. Eegun èjìká Yàkúbù ṣẹ́. Ọkùnrin mẹ́ta fò bọ́ sínú bàbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún Gàní wà láàárín etí ọkọ̀ àti àpáta kan nínú oko náà. Àwa bí ogún la gbé kóńbì náà sókè kí a tó yọ ọ́. Kò ké. Àwọn dókítà ṣe ipá wọn, wọn kò gé ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta nínú rẹ̀ kò ká mọ́, kò sì lè na mọ́. Ọwọ́ tó fi ń jó irin ni.

Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ sí ọsibítù, mo ń gbé ẹ̀kọ lọ, mo ń jókòó. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lágbáyé ni mo sọ àyàfi èyí tó yẹ kí n sọ. Mo ní, "Ọlọ́run á tún un ṣe." Mo gbé iṣẹ́ mi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn sì ń sọ níta pé Yàkúbù ni kò mọ ọkọ̀ wà dáadáa, mo gbọ́, n kò tako wọ́n. Ẹni tó fi ara rẹ̀ gbà wá lọ́wọ́ ikú, mo jẹ́ kí wọ́n bà á lórúkọ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ sí Abaji lọ́dọọdún títí dòní. Ó ti padà sí ìdí oko. Mo jẹ́wọ́ fún un ní ọdún kẹta. Ó fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "Kai, Baba. Kádàrá ni. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹ iṣu."

Gàní ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ wá gbé e lọ sí Ìlọrin. Mo sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó, ó kọjú síwájú. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ń retí kó bú mi. Bó bá bú mi ni, mo lè bẹ̀ ẹ́. Kò bú mi. Ọkọ̀ lọ.

Ọdún mẹ́rìnlá. Ìwé kò dé, ìpè kò dé, èmi náà kò pè. N kò pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́. Bí ọwọ́ mi bá kan irin pẹlẹbẹ, òtútù á mú mi. Àwọn kóńbì ń dípẹtà, àwọn tó ń ra irin àlòkù ń gé wọn wẹ́wẹ́, wọ́n ń kó wọn lọ. Wọ́n la ọ̀nà, wọ́n gé igi. Ìyàwó mi kú. Àwọn ọmọ tí mo bí wà ní ìlú tí oòrùn kì í ràn dáadáa, wọ́n ń fi àwòrán ránṣẹ́. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, a máa ń sọ ọ́ nígbà tí a wà lọ́mọdé bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni.

Ní ọdún tó kọjá, ní ìrọ̀lẹ́ kan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mo ní ta ni. Ohùn kan ní, "Ṣé ilé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí?"

N kò mọ bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Ojú ń dùn ún, wọ́n ní kí ó wá rí dókítà ojú ní ìlú yìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Rùkáyátù, ló mú un lọ́wọ́ wá. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pamọ́ sínú apá aṣọ. A kí ara wa bí àlejò. Mo gbé àga, mo bu omi. Rùkáyátù ní òun ń lọ ra nǹkan níta, ọmọ tó gbọ́n ni.

Ó ku àwa méjì. Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún tí kò fẹ́ kí n kúnlẹ̀ mọ́.

"Gàní, èmi ni mo ṣe ọ́. Bíréèkì yẹn, o sọ fún mi. Mo mọ̀ pé òótọ́ lo sọ. Mo kàn fẹ́ borí ni."

Mo gbójú sókè. Ó ń sunkún.

"Dìde," ó ní. "Ìwọ nìkan kọ́."

"Kí lo ń sọ?"

"Nígbà tí a ń di iṣu, Yàkúbù tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan. Orí iṣu ni mo wà, mo gbọ́ ọ. Ó ń tú atẹ́gùn. Mo mọ̀ pé kò ní í mú. Mo lè pariwo pé kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀. Ẹnu mi kò wúwo." Ó nu ojú. "Mo ní jẹ́ kó já. Mo rò pé ilẹ̀ títẹ́jú ni yóò ti já, níwájú gbogbo wọn, kí ojú lè tì ọ́ fún ohun tí o sọ sí mi. N kò rò pé Yàkúbù yóò yí padà lórí òkè. Ọkùnrin mẹ́rin ló wà nínú ọkọ̀ yẹn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwọ ò rò ó torí o kò gbọ́ ọ. Èmi gbọ́ ọ."

"Ìdí tí o kò fi pè mí..."

"Kí ni ǹ bá sọ? O rò pé mo ń bínú. Ojú ló ń tì mí."

Ọdún mẹ́rìnlá. Èmi ní Kabusa, òun ní Ìlọrin, ẹrù kan náà ni oníkálukú dá rù, tí oníkálukú rò pé èkejì ló ni ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ kalẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún náà jáde nínú apá aṣọ, ó gbé e lé mi léjìká. Ó wúwo díẹ̀, ó sì gbóná. Bí Rùkáyátù ṣe padà dé bá wa nìyẹn.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, a máa ń pe ara wa. Ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí ni. Bóyá òjò rọ̀. Orúnkún ta ló ń dun ta. Orúkọ awakọ̀ kan tí a ti gbàgbé, tí òun á rántí ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, tí yóò sọ ọ́ kó tó kí mi. Oṣù méje nìyẹn. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè máa fi ọjọ́ mẹ́fà retí ọjọ́ kan ní irú ọjọ́ orí mi yìí.

Ní Jímọ̀ kan, Rùkáyátù ló gbé fóònù. Ó ní, "Bàbá," kò sì lè sọ èyí tó kù. Ọjọ́rú ni Gàní ti lọ, wọ́n ti sin ín ní ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí, wọn kò mọ bí wọn yóò ṣe sọ fún mi. Mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo kí i, mo kí ìyá rẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kírun, mo jáde nínú mọ́ṣáláṣí, ọwọ́ mi ti tẹ nọ́ńbà náà kí n tó rántí. Mo fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n Rùkáyátù ti gbé e.

"Má bínú, ọmọ mi," mo ní. "Àṣìṣe ni. Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́."

"Kì í ṣe àṣìṣe, Bàbá. Bàbá wa ti sọ fún mi kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní bí ọ̀rẹ́ àwọn bá pè lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n má jẹ́ kí fóònù dún títí kó fi gé. Ẹ máa sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́."

Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, àwọn ènìyàn ń wọ bàtà wọn, wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò gé fóònù. Òun náà kò gé e. Lẹ́yìn náà, ó ní:

"Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹun. Irọ́ ni. Nígbà tí mo délé, mo bọ́ agbádá, mo lọ dáná.